Apá bàálù tí a fi ògùrọ̀ gbẹ́

Sátidé, Adó-Èkìtì

Bàálù ìṣeré tí mo ń kàn parí láàárọ̀ yìí. Cessna 172 ni mo wò ṣe é, ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì kan tí apá rẹ̀ wà lókè orí. Láyé yìí, kò sí bàálù tí wọ́n ṣe tó o níye.

Inú ọ̀pá imọ̀ ògùrọ̀ ni mo fi gbẹ́ apá náà. Igi balsa làwọn òyìnbó ń lò, àmọ́ ògùrọ̀ tiwa náà fúyẹ́, abẹ fẹ́lẹ́ sì ń gé e wẹ́rẹ́. Mo fá a títí òkè rẹ̀ fi wú díẹ̀, tí etí ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ́lẹ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ jù ú. Ó gbé imú sókè, ó dúró lófuurufú, ó já lulẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé apá ẹ̀ ni kò dáa ni?"

Apá kọ́. Mo ní kó fi ìka méjì gbé e lábẹ́ apá, níwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́ta fífẹ̀ apá láti iwájú. Ìrù tẹ̀ wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. A ki ìṣó kan bọ imú, a tún ki òmíràn bọ̀ ọ́, ó wá dúró gbọọrọ lórí ìka. Nígbà tó tún jù ú, ó kọjá igi ọsàn, ó rọra bà. Ayọ̀ yẹn, mo mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí a ti ń sáré síta n'Ìkẹ́rẹ́ láti juwọ́ sí bàálù tó bá gba orí òkè Olósùnta kọjá.

Bàálù kíkàn yìí náà ló la ojú mi sí yíya fọ́tò bàálù gidi. Bí kámẹ́rà bá yára dé ìdá kan nínú 1000 ìṣẹ́jú àáyá, abẹ̀bẹ̀ iwájú á dúró gbagidi, bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì ti kú lókè. N kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìdá kan nínú 125 ni mo ń lò, màá sì máa yí kámẹ́rà tẹ̀lé ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ló ń bàjẹ́, àmọ́ èyí tó bá bọ́ sí i, wàá rí i pé ọkọ̀ náà ń fò lóòótọ́.

Bí mo bá sì wọ bàálù, ojú fèrèsé ẹ̀yìn apá ni mo máa ń tọrọ. Bó bá fẹ́ balẹ̀, etí ẹ̀yìn apá á yọ síta, á tẹ̀ wálẹ̀, kí apá lè gbé ọkọ̀ náà dúró bó tilẹ̀ ń rọra lọ. N kì í gbójú kúrò níbẹ̀ títí táyà á fi kan ilẹ̀. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2022 tí bàálù ti kọ́kọ́ balẹ̀ sí pápákọ̀ òfuurufú tiwa níbí, ìfẹ́ náà ti di ọ̀tun.

Ọmọ náà ní òun fẹ́ kan tòun, ẹlẹ́ńjìnnì méjì. Ògùrọ̀ ló kù ká lọ wá.