Ohun tí mo kọ́ nídìí àpò ẹgbẹ́ tó ń ran ilé ẹ̀kọ́ abúlé lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ wa ní Èbúté-Mẹ́ta, mo ti gbọ́ àbá yín. Ẹ fẹ́ kí a kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun fún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí à ń ràn lọ́wọ́ ní Òkè-Ògùn, kí a kùn ún, kí a sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ gàdàgbà sára ògiri. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú un wá. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ń ṣe akápò, ohun tí ojú mi ti rí ni pé owó tí àlejò kò lè rí iṣẹ́ tó ṣe lójú kan ló ń mú kí ọmọ jókòó kàwé: owó ṣọ́ọ̀kì, owó àtúnṣe ilẹ̀kùn, owó olùkọ́.

Olùkọ́ ni kí n fi ṣáájú. Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2004 sọ ọ́ di ọ̀ranyàn pé kí gbogbo ọmọ kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún kẹta ní girama. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí wọ́n bá gbé lọ sí abúlé, kì í pẹ́ tí yóò fi máa wá bí wọ́n ṣe máa gbé e kúrò. Ẹ má bú u. Ilé tí yóò gbé kò sí, iná kò sí, aya tàbí ọkọ rẹ̀ wà ní Ìbàdàn, owó ọkọ̀ sì ń jẹ owó oṣù rẹ̀ tán. Nígbà tó bá lọ, àwọn òbí á dáwó jọ, wọ́n á gba ẹni tó ní NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, tàbí ọmọ abúlé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama, kó máa kọ́ àwọn ọmọ. Olùkọ́ PTA, ìyẹn olùkọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, là ń pè é. Òun gan-an ni òpó ilé ẹ̀kọ́ abúlé. Ní ọdún tí ẹ̀gẹ́ kò bá tà, kì í rówó gbà.

Ẹ ò ní ṣàì sọ pé kí ẹgbẹ́ kúkú máa san gbogbo rẹ̀. Èmi kì í fọwọ́ sí i. Bí a bá gbé gbogbo ẹrù yẹn kúrò lọ́rùn àwọn òbí, wọ́n á gbàgbé pé tiwọn ni olùkọ́ náà. Bí ọjà bá wá dákú ní Èkó níbí, tí owó oṣooṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kò wọlé, olùkọ́ á di ẹrù rẹ̀, kíláàsì á ṣófo. Ohun tí à ń ṣe ni pé kí àwọn òbí kọ́kọ́ san ìpín tiwọn, kí a wá fi tiwa lé e. Níwájú alága PTA àti ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ là ń san án, olùkọ́ fúnra rẹ̀ á sì fọwọ́ síwèé. Bí ìpín àwọn òbí bá pẹ́, a ó dúró dè wọ́n. Ó máa ń ṣe mí láàánú, torí mo mọ ẹni tí ìdádúró náà ń dùn, síbẹ̀ mi ò yí i padà.

Ní ti ilé kíkọ́, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí owó rẹ̀ wà. Òfin 2004 yẹn kan náà ya ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún owó àpò ìjọba àpapọ̀, ó kéré tán, sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ìpínlẹ̀ tó bá sì fẹ́ gba nínú rẹ̀ láti fi kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní láti mú ìdajì owó iṣẹ́ náà wá látinú àpò tirẹ̀. Bí kò bá mú un wá, owó á máa sùn síbẹ̀. Ará abúlé tí kò mọ̀ pé owó náà wà kò lè béèrè. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yàrá tuntun, ẹ bá SBMC, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé ẹ̀kọ́ ní abúlé, kọ lẹ́tà sí SUBEB, àjọ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti ìpínlẹ̀, ní Ìbàdàn, kí ẹ sì máa tẹ̀ lé lẹ́tà náà láti tábìlì dé tábìlì. Iṣẹ́ tí ẹ lè ṣe tí àgbẹ̀ tó wà lóko kò ráyè ṣe nìyẹn, kò sì ná wa ju owó ọkọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ omi ń ká mi lára. Abúlé púpọ̀ ni ẹ ó ti rí ẹ̀rọ omi tí à ń fi ọwọ́ tẹ̀ tó ti dáṣẹ́ sílẹ̀, tí igbó ti bò. Omi kò tán nísàlẹ̀. Rọ́bà inú ẹ̀rọ ló jẹ, ẹni tó gbẹ́ kànga náà kò sì kọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sanwó fún ọ̀dọ́ méjì kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ yẹn, kí a sì ra rọ́bà àti nọ́ọ̀tì sílẹ̀ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Ẹ wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọbìnrin kíláàsì kẹfà tó ti ń rí nǹkan oṣù rẹ̀, bí ilẹ̀kùn kò bá ṣeé tì látinú, ilé ni yóò jókòó sí.

Ìwé ńkọ́? Ẹ má kó ìwé òyìnbó àlòkù ránṣẹ́ kí ẹ tó mọ ohun tí ọmọ kíláàsì kejì lè kà. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan inú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwé kíkà Yorùbá ni kí a kọ́kọ́ rà. Ní ti ìwé tí wọn yóò máa kọ nǹkan sí, ẹ lọ bá àwọn atẹ̀wé Ṣómólú, kí ẹ sì ná an dáadáa.

Àsìkò tí kajú bá ń bọ́, láti oṣù kejì lọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló máa ń bá òbí wọn ṣà á. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ, ẹ má gbé e sí ìgbà yẹn, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ ọjà.

Mo sì bẹ̀ yín lórí fọ́tò: ẹ má ya ọmọ tí aṣọ rẹ̀ gbó láti fi tọrọ owó. Ìyá rẹ̀ ní fóònù, yóò rí i.

Fún ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní àbá kọ́kọ́ pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, kó bi í pé kí ló máa tán kí táàmù tó parí, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀, kó mú un wá. Àbá tí ọ̀rọ̀ ọ̀gá kò bá sí nínú rẹ̀, a ó fi í sílẹ̀ di oṣù tó tẹ̀ lé e.