Ìrẹsì tutù kó tó fọ ṣíbí tán

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo gbé ìrẹsì ka iwájú àbúrò mi. Ó fọ ṣíbí, ó nù ún, ó tún padà lọ fọ̀ ọ́. Gbogbo ìka rẹ̀ ti bó. Ṣíbí kan péré ló jẹ. Màmá wa ń ráhùn pé ó fẹ́ rù bí àwọn ọmọ orí fóònù ni. Rárá o. Dókítà ti ṣàlàyé fún wa: OCD ni, àìsàn ọpọlọ tí èrò tàbí ẹ̀rù kan kì í jẹ́ kí èèyàn sinmi, tí á fi máa ṣe nǹkan kan náà léraléra. Ẹ̀rù kòkòrò àìsàn ló ń bà á, kì í ṣe ẹ̀rù sísanra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjèèjì máa ń bá ẹlòmíì jà pọ̀. Ó ń lo oògùn kan tó ń jẹ́ fluoxetine fún un, wọ́n sì ń kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀ láti jẹun láì tún ṣíbí fọ̀. Lánàá ó jẹ mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́wé mi tán, ó ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó! Àbí ẹ ò rí ọmọ yìí?