Ẹ Fọwọ́ Kan Ilẹ̀ Kí Katakata Tó Wọ Oko

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lálẹ́ àná, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí gbogbo àgbẹ̀ ti ń pe awakọ̀ katakata. Púpọ̀ nínú ìyà tó máa jẹ àgbàdo ní oṣù kẹfà, àárọ̀ ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ilẹ̀ agbègbè Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kì í sábà nípọn. Iyanrìn ló pọ̀ lókè, òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ pupa ló wà nísàlẹ̀. Irú ilẹ̀ báyìí, bó bá gbẹ, ó le bí òkúta. Bó bá rin, omi á jẹ́ kí hóró iyanrìn máa yọ̀ lórí ara wọn, wọn á sì tò mọ́ra pẹ́kípẹ́kí nígbà tí ẹrù bá gorí wọn. Ihò tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà, títí kan èyí tí ekòló gbẹ́, á dí.

Katakata alágbára ẹṣin 75 tó gbé plau (irin ìtúlẹ̀) onídíísìkì mẹ́ta máa ń tó tọ́ọ̀nù 3. Àmọ́ ẹ wo ibi tí táyà ń gbà. Tí plau bá ń ṣiṣẹ́, táyà ọ̀tún kì í rìn lórí ilẹ̀. Inú poro tí díísìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ là ló ń tọ̀. Ilẹ̀ tó wà ní sẹ̀ǹtímítà 20 sísàlẹ̀ ló ń tẹ̀ ní tààrà, níbi tí ọkọ́ ò lè dé. Díísìkì fúnra rẹ̀ sì ń rẹ́ ibẹ̀ bí bíríkìlà ṣe ń rẹ́ ilẹ̀ ilé. Ọdọọdún, ìwọ̀n kan náà. Bí ọdún mélòó kan bá gorí ara wọn, ilẹ̀ líle á ti tẹ́ sábẹ́ oko bí àwo.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Lọ́jọ́ kejì òjò, ẹ gbẹ́ kòtò ìgbọ̀nwọ́ kan lẹ́bàá àgbàdo tó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ máa fi ẹnu ọ̀bẹ gún ara kòtò láti òkè wálẹ̀: ibi tí ọ̀bẹ bá ti kọ̀ ni. Ẹ wo gbòǹgbò níbẹ̀, á ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì fẹ̀ pẹlẹbẹ. Ẹ wá gbẹ́ òmíràn lábẹ́ igi ẹ̀bá àlà tí táyà ò dé rí. Ẹni tí kò bá gbẹ́ ìkejì ò lè mọ̀ bóyá táyà ló ṣe é tàbí òkúta tí Ọlọ́run dá síbẹ̀.

Àgbàdo orí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á pọ́n lójú ewé tí òjò bá pọ̀, nítorí omi dúró sí i nídìí, ajílẹ̀ sì ṣòfò. Tí òjò bá dá fún ọjọ́ mẹ́wàá, á rọ, bẹ́ẹ̀ ọ̀rinrin wà nísàlẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ní tiẹ̀ á kúrú, á wọ́.

Nítorí náà, kí katakata tó wọlé, ẹ bu erùpẹ̀ láti sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, ẹ má bu tòkè. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yí i. Tó bá gùn, tó tín-ín-rín bí ẹyọ ìgbálẹ̀ kan láìjá, ẹ dá awakọ̀ padà. Tó bá ń já nígbà tó ṣì nípọn bíi pẹ́ńsùlù, ó yá. Tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun lásán, ògúlùtu ni plau máa kó jáde. Iyanrìn kì í ṣe é yí. Ẹ fún un mọ́wọ́, bí ọwọ́ bá tutù tó ń dán, ẹ dúró ọjọ́ méjì sí i. Awakọ̀ á bínú, torí iye éékà ni owó tiẹ̀. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Kí wọ́n fi háró, irin tó ń fọ́ ògúlùtu, kọjá lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ńkọ́? Àwọn èèyàn fẹ́ràn oko tó kúnná bí àtíkè. Òjò ńlá àkọ́kọ́ á lu ìyẹ̀fun yẹn, ojú ilẹ̀ á dì, èèhù ò ní ríbi yọ.

Àgbàdo ò nílò plau lọ́dọọdún. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, láti àwọn ọdún 1970, Rattan Lal, onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó gba World Food Prize (ẹ̀bùn àgbáyé lórí oúnjẹ) ní 2020, fi hàn pé bí pòròpórò àti koríko gbígbẹ bá bo ilẹ̀, tọ́ọ̀nù 4 sí 6 lórí hẹ́kítà kan, àgbàrá ò ní rí erùpẹ̀ kó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ pa koríko, ẹ fi àdá gbin àgbàdo ní sẹ̀ǹtímítà 75 sí 25. Ẹ̀gẹ́ àti iṣu ló fẹ́ ebè, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ dábùú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀.

Bí ilẹ̀ líle bá ti wà, subsoiler, irin eléyín gígùn tí katakata ń fà, ló lè fọ́ ọ: kí eyín rẹ̀ kọjá ìsàlẹ̀ ibi tó le ní sẹ̀ǹtímítà 5, kí àlàfo ìlà má ju ìlọ́po kan àbọ̀ ìjìnlẹ̀ rẹ̀ lọ. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni, nígbà tí ilẹ̀ ń fọ́. Nínú ilẹ̀ tútù, á kàn là á bí ọ̀bẹ ṣe ń la ẹ̀kọ. Ẹ wá gbin òtílì sí i, kí gbòǹgbò rẹ̀ di ihò náà mú kó má padà dí. Ṣùgbọ́n bí katakata bá tún wọ ibẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, á tẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ padà.