Purl

Ọjọ́rú, ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi ń hun súwẹ́tà fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ n'Íbàdàn. Láàárọ̀, ó fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Àjọkẹ́, kí ni purl tí wọ́n kọ sínú ìwé ìlànà híhun yìí?" Mo ní kó gbé òwú wá síwájú iṣẹ́, kó ki abẹ́rẹ́ ọ̀tún bọ ojú òwú láti ọ̀tún sí òsì, kó lọ́ òwú mọ́ ọn lẹ́nu, kó sì fà á gba ẹ̀yìn jáde. Ó ní ṣé kì í ṣe ẹ̀yìn èyí tí òun ń hun tẹ́lẹ̀ nìyẹn? Òun gan-an ni. Ojú kan náà ni, ẹ̀yìn ló kọ sí wa.

Àwọn èèyàn ti ń fi abẹ́rẹ́ hunṣọ tipẹ́ láì lo ojú yìí. Ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ń hun yípo kò nílò rẹ̀. Lára ojú purl tó pẹ́ jù tí wọ́n rí ni ti ìbọ̀sẹ̀ sílíkì tí wọ́n fi sin Eleonora di Toledo nílùú Florence lọ́dún 1562. Ìyàwó olórí ìlú ni.

Ṣùgbọ́n èmi ò lè fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́ o. Àwọn tó ń fi wúrà ṣọnà sára aṣọ ní purl tiwọn: wáyà tín-ín-rín tí wọ́n lọ́ po, tí ihò wà láàárín rẹ̀. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á máa rán an mọ́ aṣọ bí ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n ṣì ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ní Royal School of Needlework, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1872. Ààfin Hampton Court ni wọ́n wà báyìí, létí odò Thames ní London.

Bí odò kékeré bá sì ń ṣàn gba orí òkúta, tó ń dún wúyẹ́wúyẹ́, purl náà ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ìró yẹn. Akéwì ló ń lò ó jù. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni nínú bọ́ọ̀sì.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti ọtí. Bíà tí wọ́n rẹ ewé kíkorò sí ni purl láyé àtijọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń gbé e kaná, wọ́n ń fi jínì, ṣúgà àti atalẹ̀ sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1850, àwọn ọkùnrin kan ń wa ọkọ̀ kékeré láàárín àwọn ọkọ̀ òkun tó gúnlẹ̀ lórí Thames, iná wà nínú ọkọ̀ wọn, wọ́n ń lu agogo, wọ́n sì ń ta á fún àwọn tó ń kó èédú. Paraga ni, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa. Àárọ̀ kùtù, òtútù, iṣẹ́ agbára: àwọn awakọ̀ gáréèjì wa mọ ìdí rẹ̀.

Bí mo bá rí ẹni tó ṣì ń sè é ní London yìí, màá tọ́ ọ wò. Kí ìyá ìjọ wa má ṣáà gbọ́.