Àwọ̀ ewé tó tàn wá jẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ìdánwò kernel

Ọjọ́ 19 gbáko ni èsì ìdánwò wa fi wà ní àwọ̀ ewé. Kò sí pupa kankan níbẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí ìdánwò kankan tó kùnà. Àyípadà yòówù tí a bá fi sínú kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ, ètò CI wa (èyí tó ń kọ́ kóòdù tó sì ń dán an wò fúnra rẹ̀) á kọ́ ọ, á gbé e sórí ẹ̀rọ, á dán an wò, á sì ní ó dára. Inú gbogbo wa ń dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò tí a jọ ń ṣiṣẹ́ pè mí sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wo ìlà yìí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ba kóòdù jẹ́ lánàá kí n lè mọ̀ bóyá ìdánwò mi á mú un, àmọ́ ó ní kò sí ìṣòro kankan." Èsì uname -r, àṣẹ tó ń sọ kernel tí ẹ̀rọ ń lò, ló nàka sí. Kernel tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti àná. Kernel ọjọ́ 19 sẹ́yìn ni bọ́ọ̀dù náà, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń dán kernel wò, ṣì ń gbé kiri.

Ohun tó fà á kò ju bíńtín lọ. Àyè inú /boot, ibi tí kernel máa ń wà, lórí bọ́ọ̀dù arm64 (irú processor kan) wa ti kún, kernel tuntun kò rí ibi jókòó sí. Ìlà tó ń gbé e lọ síbẹ̀ ni ./install-kernel 2>&1 | tee install.log. Tí a bá so àṣẹ méjì pọ̀ báyìí, èsì èyí tó kẹ́yìn ni shell (ètò tó ń gba àṣẹ) máa ń mú; tee, tó ń kọ ohun tó bá gbọ́ sínú fáìlì, kò sì kùnà ní tirẹ̀. Ó kọ ọ̀rọ̀ àṣìṣe náà sínú fáìlì bó ṣe yẹ, ó sì dá òdo padà, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ìṣòro. Ètò wa bá tẹ̀ síwájú, ó tún bọ́ọ̀dù tàn, kernel àtijọ́ jí, ó sì yege gbogbo ìdánwò bó ṣe máa ń yege tẹ́lẹ̀. set -o pipefail, tó ń mú kí shell ka ìkùnà àṣẹ èyíkéyìí nínú wọn sí, nìkan ni ìbá ti gbà wá.

Mo fi set -o pipefail sí i lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Láàárín gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, a ti fi àyípadà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó kóòdù náà, a sì ti kọ Tested-by, ìyẹn ẹ̀rí pé a ti dán an wò, sábẹ́ wọn. Irọ́ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò mọ̀ pé irọ́ là ń pa. Àwọn ẹlòmíì ti gba ọ̀rọ̀ wa gbọ́, wọ́n sì ti kọ́ iṣẹ́ tiwọn lé e lórí.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ohun tí à ń ṣe gan-an nìyẹn: kernel ni olùjẹ́jọ́, kernel ni ẹlẹ́rìí, kernel náà ló tún ń kọ ìdájọ́ sílẹ̀. Kernel kò dà bí àwọn ètò yòókù. Tí ètò kan tó wà lókè bá kú, kernel tó wà nísàlẹ̀ ṣì wà láàyè tí yóò ròyìn ikú rẹ̀. Tí kernel bá kú, shell bá a lọ, ìdánwò bá a lọ, fáìlì èsì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá a lọ. Òkú kì í ròyìn ikú ara rẹ̀. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tí mo máa fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé CI kalẹ̀ fún kernel, kó tó ronú nípa ìdánwò tó máa lò, ni pé kó gbé adájọ́ síta.

Bí a ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní wáyà serial, tí ọ̀rọ̀ kernel ń gbà jáde, tó lọ sí kọ̀ǹpútà kékeré kan tí à ń pè ní olùṣọ́. Olùṣọ́ kì í lo kernel tí à ń dán wò. Èyí tó ti pẹ́ tó sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ló ń lò. Òun ló ń gbọ́ gbogbo ohun tí bọ́ọ̀dù bá sọ, òun ló ń wo aago, òun náà ló láṣẹ láti já iná bọ́ọ̀dù kó sì tún un tàn. Nínú QEMU, ètò tó ń ṣe bí ẹ̀rọ gidi, ó rọrùn jùyẹn lọ: console=ttyS0 (lórí processor x86) kí ọ̀rọ̀ lè jáde, panic=-1 fún kernel, àti -no-reboot fún QEMU fúnra rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ lè parí lójú ẹsẹ̀ tí kernel bá ṣubú, dípò kó máa tún ara rẹ̀ tàn títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí olùṣọ́ ń ṣe ni pé ó ń béèrè irú kernel tó jí. CONFIG_LOCALVERSION_AUTO, ọ̀kan nínú ohun tí a lè yàn nígbà tí a bá ń kọ́ kernel, máa ń fi -g àti ìbẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà commit (àyípadà kan tí a ti fi pamọ́ sínú git) sí ìparí orúkọ kernel, àfi tó bá jẹ́ orí tag (orúkọ tí a fún ẹ̀dà kan) gan-an lẹ dúró sí. Olùṣọ́ mọ commit tí a kọ́. Ó ń ka ìlà "Linux version" tó máa ń jáde lórí serial ní ìbẹ̀rẹ̀. Tí méjèèjì kò bá bára mu, tàbí tí -dirty bá wà ní ìdí orúkọ náà (ìyẹn ni pé àyípadà tí a kò tíì fi pamọ́ wà nínú kóòdù), iṣẹ́ dúró síbẹ̀, kò sí ìdánwò kankan tó máa bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kíka log, ìyẹn àkọsílẹ̀ ohun tí kernel ń sọ. Ìdánwò lè yege kí kernel máa ké lábẹ́lẹ̀. Tí olùṣọ́ bá rí "BUG:", "Oops", "WARNING:", tàbí ìlà tó ní iṣẹ́ kan ti há fún ohun tó ju 120 seconds lọ, pupa ni, ohun yòówù tí ìdánwò ì báà sọ. Àwọn kan rò pé mo le jù lórí WARNING. N kò gbà. Ẹni tó kọ WARN_ON (àṣẹ tó ń mú WARNING jáde) síbẹ̀ ń sọ fún wa pé ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ láéláé ti ṣẹlẹ̀.

Èsì wa sì jẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe méjì: ó yege, ó kùnà, àti pé a kò rí i dán wò. Tí bọ́ọ̀dù kò bá tàn rárá nítorí iná tàbí wáyà, a kì í dá ẹ̀bi fún ẹni tó kọ kóòdù, a kì í sì í dá a láre. Kí a tó ya ẹ̀kẹta yẹn sọ́tọ̀, àwọn èèyàn máa ń gba pupa tí kì í ṣe tiwọn, títí wọn ò fi ka pupa sí mọ́.

Ẹ̀tàn kejì tó bá wa fara pamọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. À ń lo kselftest, àkójọ ìdánwò tó wà pẹ̀lú kernel, èsì rẹ̀ sì máa ń jáde ní ìlànà KTAP, ìlà kan fún ìdánwò kan. Ètò wa ń ka ìlà tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "ok" sí yíyege. Ẹ wo irú ìlà yìí dáadáa: "ok 7 # SKIP". Ìdánwò tí kò ṣiṣẹ́ rárá, nítorí pé ohun tó nílò kò sí nínú config (àkójọ ohun tí a yàn sínú kernel), "ok" náà ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, apá kan tó pọ̀ nínú àwọn ìdánwò tí a fi ń yangàn kò tíì ṣiṣẹ́ rí lórí bọ́ọ̀dù wa. Láti ìgbà yẹn, a ní àkójọ ìdánwò tó gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá wà nínú àkójọ náà tó ní òun fo, ó ti kùnà.

Ẹ kọ́ kernel ní oríṣi méjì, ọ̀kan bí àwọn èèyàn ṣe máa lò ó, ọ̀kan pẹ̀lú KASAN (tó ń mú àṣìṣe mẹ́mórì) àti lockdep (tó ń ṣọ́ bí kóòdù ṣe ń mú àgádágodo inú kernel). Lockdep ti wà láti 2006, KASAN wọ kernel 4.0 ní 2015, síbẹ̀ mo ṣì ń rí àwọn tó ń kọ driver (kóòdù tó ń bá ẹ̀rọ kan sọ̀rọ̀) tí wọn kò tan èyíkéyìí nínú méjèèjì rí. Agbára lockdep ni pé kò dìgbà tí ẹ̀rọ bá há kó tó sọ̀rọ̀. Tí ó bá rí i pé ibì kan ń mú àgádágodo A ṣáájú B, tí ibòmíì sì ń mú B ṣáájú A, ó ti ké, bí àwọn méjèèjì kò tilẹ̀ pàdé rí. Àmọ́ ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó bá ń ka èyí rántí: lẹ́yìn ìkìlọ̀ àkọ́kọ́, lockdep máa ń pa ara rẹ̀. KASAN náà, ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń sọ̀rọ̀, àyàfi tí ẹ bá fi kasan_multi_shot sí i. Tí ìdánwò kẹta bá ta lockdep jí, gbogbo ìdánwò tó tẹ̀ lé e ń rìn láìsí ẹ̀ṣọ́, àwọ̀ ewé tí wọ́n bá mú wá kò níye lórí. Tí ìkìlọ̀ bá ti jáde, olùṣọ́ wa á tún ẹ̀rọ tàn, á sì bẹ̀rẹ̀ láti ìdánwò tó kàn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ìdánwò tó ń yege lónìí tó ń kùnà lọ́la. Ọ̀kan wà tó máa ń kùnà lẹ́ẹ̀kan nínú bí ìgbà 40. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n. A ti sọ ọ́ lórúkọ "aláìsàn", tó bá ti ṣubú, ẹnìkan á tẹ bọ́tìnì kó tún un ṣe, á yege, iṣẹ́ á máa lọ. Èmi náà tẹ̀ ẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó yá, mo fi í sínú QEMU pẹ̀lú KASAN, mo ní kó tún un ṣe ní ìgbà 500 mọ́jú. KASAN mú un: driver wa ń kọ̀wé sínú mẹ́mórì tó ti dá padà, nígbà tí timer bá jí lẹ́yìn tí a ti yọ ẹ̀rọ náà kúrò. del_timer là ń lò níbi tó yẹ kí a lo del_timer_sync, tó máa ń dúró kí timer parí (timer_delete_sync ni wọ́n ń pè é nínú kernel tuntun). Ìdánwò náà ò ṣàìsàn rárá. Òótọ́ ló ń sọ fún wa láti oṣù mélòó kan. A ṣì máa ń tún ìdánwò ṣe, àmọ́ èsì àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ pòórá, ẹni tó bá sì tún un ṣe gbọ́dọ̀ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀.

Tí pupa bá jẹ́ pupa lóòótọ́, ẹ jẹ́ kí git bisect run, tó ń pín àwọn commit sí méjì léraléra, wá ẹlẹ́bi. Commit 1,024 kò ju kíkọ́ kernel ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá lọ. Àkọsílẹ̀ àṣẹ (script) tí ẹ bá fún un gbọ́dọ̀ dá 125 padà tí kernel kò bá ṣeé kọ́ tàbí tí ẹ̀rọ kò tàn, ìyẹn ni pé kó fo commit yẹn. Tó bá dá 1 padà, tó túmọ̀ sí pé commit náà burú, ẹlòmíì tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ ló máa gba lẹ́tà ẹ̀sùn. Fún irú àṣìṣe tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ tún un ṣe lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó pe commit kan ní rere. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, ẹ má jẹ́ kí ètò fi lẹ́tà ránṣẹ́ fúnra rẹ̀. Kí èèyàn kà á ná. Ẹni tó bá gba ẹ̀sùn èké lẹ́ẹ̀mejì kò ní ka ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ní ti ìyára, èmi fara mọ́ ọn kí ohun tó ń dúró de ẹni tó kọ kóòdù má ju ìṣẹ́jú 15 lọ: defconfig (config ìpìlẹ̀) fún x86 àti arm64, QEMU, àti KUnit (ìdánwò kéékèèké inú kernel), tí kò nílò bọ́ọ̀dù kankan. Àwọn tó kù lè di òru. Ẹ má sì ṣe iṣẹ́ tí ẹlòmíì ti ń ṣe: 0-day ti Intel, KernelCI àti syzbot, àwọn ètò tó ń dán kernel wò fún gbogbo ayé, ti ń ṣe iṣẹ́ ńlá tí agbo kékeré kò lè dá ṣe. Bọ́ọ̀dù tí kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíì ni kí ẹ fi agbára yín sí.

Ohun tí mo fi kún un gbẹ̀yìn ni LKDTM, apá kóòdù (module) tó wà nínú kernel tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ba kernel jẹ́. Ní ìdájí, kí ìdánwò òru tó parí, olùṣọ́ á tan bọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, á ní kí ó kọ WARNING sínú /sys/kernel/debug/provoke-crash/DIRECT, lẹ́yìn náà á tún un tàn, á ní kí ó kọ PANIC. Tí èsì méjèèjì kò bá jẹ́ pupa, gbogbo àwọ̀ ewé òru yẹn di "a kò rí i dán wò". Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ́ọ̀dù kejì kò fi pupa hàn fún WARNING. Àbúrò mi yẹn ló lọ wò ó. Ẹnìkan ti fi dmesg -n 1, àṣẹ tó ń dín ọ̀rọ̀ kernel lórí serial kù, sílẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ tó máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí bọ́ọ̀dù bá tàn tán, nígbà tó ń wá nǹkan, WARNING kò sì jáde sórí serial mọ́. Ó yọ ọ́ kúrò, ó tún un tàn, a jọ dúró níbẹ̀ títí ìlà pupa náà fi jáde.