Ẹni tó ń kun ẹran ìgbẹ́ lọ̀rọ̀ mọ́ńkípọ́ọ̀sì kọ́kọ́ kàn

Ní Àkúrẹ́ níbí, tọ́rọ̀ mọ́ńkípọ́ọ̀sì, àrùn tó ń mú egbò sọ síni lára téèyàn sì lè kó lára ẹran ìgbẹ́, bá ti délẹ̀, ẹnì kan á ní òun ò jẹ ẹran ìgbẹ́ mọ́ láéláé, ẹlòmíì á ní irọ́ ni jàre, láti kékeré lòun ti ń jẹ òkété, kí ló ṣe òun? Jíjẹ ni gbogbo wa ń jà lé lórí. Bẹ́ẹ̀ ẹran tó ti jiná dénú kọ́ ni wàhálà yẹn wà, iná ti pa fáírọ́ọ̀sì, kòkòrò tó ń fa àrùn yẹn, tó wà nínú ẹ̀. Ẹni tó yẹ ká máa bá sọ̀rọ̀ ni ẹni tó fọwọ́ kàn án ní tútù: ọdẹ tó gbé e kọ́ èjìká délé, ìyá tó wi irun ẹ̀ lórí iná, tó la ikùn ẹ̀, tó fọ ìfun ẹ̀, tí ọ̀bẹ sì ti gé lọ́wọ́ láàárọ̀ tí ò kà á sí.

Àǹtí mi kan ní búkà lójú ọ̀nà Ìdànrè, iyán àti ẹran ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń jẹun. Mo ní, "Àǹtí, ẹ ò ṣe máa wọ ibọ̀wọ́?" Wọ́n ní, "Ṣé èyí tó ń yọ̀ yẹn ni màá fi di ẹran mú?" Òótọ́ ni wọ́n sọ o. Èyí tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀ yẹn máa ń yọ̀, ó sì tètè ń ya, ti rọ́bà tó nípọn tí wọ́n fi ń fọ ilé ló dáa síṣẹ́ yẹn. Tíyẹn ò bá sí, kí wọ́n fi pílásítà bo ojú egbò, kí wọ́n má fọwọ́ ẹ̀jẹ̀ nu ojú, kí wọ́n fi ọṣẹ fọwọ́ dáadáa tí wọ́n bá ṣe tán. Ẹran téèyàn bá bá òkú ẹ̀ nínú igbó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Ọ̀bọ tí wọ́n ń tọ́jú fún ìwádìí ní Copenhagen, ní Denmark, ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí àrùn yìí lọ́dún 1958, ọdún 1970 ni wọ́n sì rí i lára èèyàn, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án kan ní Kóńgò. Ṣùgbọ́n àwọn ẹran kéékèèké bí òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ làwọn onímọ̀ ń fura sí jù. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003: wọ́n kó òkété àtàwọn ẹran mìíì wọ̀lú láti Gánà kí wọ́n lè tà wọ́n fáwọn tó ń sin ẹran nílé, wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ ẹran kékeré kan tó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní prairie dog, prairie dog yẹn kó àrùn náà, àwọn èèyàn tó sún mọ́ ọn náà sì kó o, èèyàn 47. Kò sẹ́ni tó fi se ọbẹ̀ nínú wọn! Wọ́n kàn ń gbé e mọ́ra ni.

Ní Nàìjíríà ńbí, lẹ́yìn ọdún 1978 a ò gbúròó ẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tó di September 2017 tí ọmọdékùnrin ọdún 11 kan dé ilé ìwòsàn ní Bayelsa tí Dókítà Dimie Ogoina àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ sì rí i pé èyí kì í ṣe ṣìkínpọ́ọ̀sì lásán. Kí ló jẹ́ kó padà wá? Ara ìdí ẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ ṣànpọ̀nná tí wọ́n fún àwọn bàbá àti ìyá wa, tí àpá ẹ̀ ṣì wà lápá wọn, ó ń dáàbò bo èèyàn lọ́wọ́ eléyìí náà, wọ́n sì ti dá a dúró nígbà tí ṣànpọ̀nná kásẹ̀ nílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1980. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kun ẹran ní búkà báyìí, púpọ̀ nínú wọn ò gba nǹkan kan.

Tó bá sì ti wọ ara èèyàn, ọ̀rọ̀ ẹran tán nìyẹn, láti ara sí ara ló kù: ìbálòpọ̀, fífọwọ́ kan egbò, aṣọ àti bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń ṣe. Láàárín ọjọ́ 1 sí 21 ni ibà, ẹ̀fọ́rí àti ara ríro máa dé, lẹ́yìn náà ni egbò á sọ jáde lójú, látẹ́lẹwọ́, lójú ara pàápàá. Kókó ọrùn tàbí ti abẹ́ itan á wú, ìyẹn ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ṣìkínpọ́ọ̀sì. Ohun tó ń dùn mí jù ni báwọn èèyàn ṣe ń fi pamọ́ torí ìtìjú, torí ibi tí egbò yẹn wà, wọ́n á máa ra ìpara ní kẹ́míìsì títí gbogbo ilé á fi kó o. Ẹ má lé ẹnikẹ́ni jáde nítorí ẹ̀, ẹ pe NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, lórí 6232, ọ̀fẹ́ ni.

Ibà Lassa ti jẹ wá níyà tó ní Oǹdó, ẹ bi àwọn ará Ọ̀wọ̀, a mọ ohun tí eku lè ṣe. Nítorí náà ẹ̀yin wolé-wolé tí ẹ máa ń wá yẹ búkà wò, ilẹ̀ àti gọ́tà nìkan lẹ máa ń wò, mo bẹ̀ yín, ẹ dé ẹ̀yìnkùlé níbi tí wọ́n ti ń kun ẹran, kí ẹ mú ibọ̀wọ́ àti ọṣẹ dání fáwọn ìyá wa kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu owó ìtanràn lé wọn.