Ta Ló Fà Wọ́n Kalẹ̀?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ kíláàsì lọ kọ́ àwọn ọmọ ní Government, ọmọ SS2 kan dójú tì mí l'Ógbòmọ̀ṣọ́ níbí, mo sì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ dòní. Èsì ìbò Èkó ni mo ń kọ sí pátákó: 1923, ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP ti Herbert Macaulay wọlé, 1938, Nigerian Youth Movement gbà á lọ́wọ́ wọn. Ọmọ náà nawọ́. "Sà, kí wọ́n tó dìbò, ta ló fa àwọn tó díje yẹn kalẹ̀?" Ṣọ́ọ̀kì dúró lọ́wọ́ mi. Mo ní kó jókòó, a máa débẹ̀. A ò débẹ̀, torí mi ò mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí mo padà sídìí ìwé, ọdún 1941 ló mú mi lọ́kàn jù. Dókítà Kofo Abayomi fi àga rẹ̀ sílẹ̀ ní ìgbìmọ̀ aṣòfin, Youth Movement sì ní láti wá ẹni tí wọn yóò fi rọ́pò rẹ̀. Ernest Ikoli, ọmọ Ijaw, àti Samuel Akinsanya, ọmọ Ìṣarà, ló ń du ipò náà. Ẹgbẹ́ mú Ikoli. Akinsanya ò gbà. Ó dá dúró, ó sì fìdí rẹmi. Azikiwe tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bínú kúrò nínú ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ náà ò sì padà rí bó ṣe rí mọ́. Ẹ wò ó dáadáa: wọ́n wọlé ìbò yẹn o! Ìpàdé tí wọ́n ti mú orúkọ kan tí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀ ló fọ́ wọn. Àwọn kan á ní ọ̀rọ̀ ẹ̀yà ni, kí wọ́n sì pa ìwé dé. Ṣùgbọ́n Awólọ́wọ̀, ọmọ Rẹ́mọ bíi ti Akinsanya, Ikoli ló tì lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà ò tiẹ̀ jìnnà sílé: àga olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service tí Ikoli jókòó sí rí ni Akíntọ́lá, ọmọ ìlú wa, wá gbà.

Ti Amẹ́ríkà náà ò yàtọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ tí wọ́n kọ ní 1787 ò dárúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú rárá. Àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń kó ara wọn jọ mú ẹni tí yóò du ipò ààrẹ. Ní 1824, aṣòfin 66 péré ló yọjú sírú ìpàdé bẹ́ẹ̀, wọ́n mú William Crawford, ariwo sì sọ. Ní 1831, ẹgbẹ́ òṣèlú kékeré kan tó ń bá àwọn Mason, ẹgbẹ́ awo kan, jà kó aṣojú láti oríṣiríṣi ìpínlẹ̀ lọ sí Baltimore láti fa olùdíje kalẹ̀. Ẹgbẹ́ Ààrẹ Andrew Jackson náà pàdé níbẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Àṣé èmi náà ti ń ṣe bíi ti àwọn 66 yẹn. Lọ́dọọdún ni mò ń kọ orúkọ méjì sí pátákó, màá ní kí wọ́n dìbò yan kápítéènì kíláàsì. Ìbò lèmi ń pè é. Nígbà tí sáà tuntun dé, mo gbé ṣọ́ọ̀kì fún ọmọ tó bi mí léèrè, mo lọ jókòó lẹ́yìn. Orúkọ mẹ́sàn-án ló jáde, ọ̀kan nínú wọn ò tiẹ̀ wá síléèwé lọ́jọ́ náà. Agogo lù, a ò tíì dìbò.